Káàdì 32 GB, àyè 8 GB

Ìbéèrè: Mo ṣe ẹ̀dà káàdì 8 GB ti Raspberry Pi mi sórí 32 GB, síbẹ̀ ó ní àyè ti kún. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Akẹ́kọ̀ọ́, Parakou.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì bá ẹni tó tà á jà. Ààlà 8 GB àtijọ́ ni ẹ̀dà yẹn gbé wá. Ìyókù káàdì ṣì wà láìlò. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú fáìlì yín síbòmíràn. Ẹ tẹ sudo raspi-config, ẹ wọ Advanced Options, ẹ yan Expand Filesystem, kí ẹ tún ẹ̀rọ náà tàn. Àṣẹ df -h yóò fi bíi 29 GB hàn, torí Linux kì í ka GB bí àwọn tó ṣe káàdì ṣe ń kà á. Ẹ má ṣe é lásìkò tí iná ń ṣe ségesège: bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, fáìlì lè bàjẹ́.