Ehín Ẹ̀gbẹ́ Akàn

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdílé alákàn.

Nínú ẹrẹ̀ etí òkun, lábẹ́ igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ta sínú omi, ni àwọn akàn kéékèèké kan ń gbé. Inú ihò ni wọ́n ń sá sí, ewé tí ó bọ́ sílẹ̀ sì wà lára oúnjẹ wọn. Àwọn onímọ̀ a máa pín irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń mọ agbo ilé: àwọn tí ó bá jẹ́ ìbátan ni a ń fún ní orúkọ kan náà.

Ní ọdún 1817, Thomas Say, ará Amẹ́ríkà, dá orúkọ Sesarma sílẹ̀. Nígbà tí akàn inú ilé náà pọ̀ jù, J. G. de Man, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, tún un pín ní ọdún 1895. Méjì nínú ìpín rẹ̀ jọ ara wọn gidigidi. Àwọn tí ó ní ṣóńṣó kékeré bí ehín ní ẹ̀gbẹ́ ìkarahun, lẹ́yìn igun ojú, ni Perisesarma. Àwọn tí kò ní i ni Parasesarma. Akàn mẹ́ta láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a ń pè ní huzardi, alberti àti kamermani, ní ehín yìí. Nítorí náà ni a ṣe kà wọ́n mọ́ àwọn Perisesarma ilẹ̀ Éṣíà.

Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ní ọdún 2017, Adnan Shahdadi àti Christoph Schubart yẹ ara àwọn akàn náà wò, wọ́n sì yẹ DNA wọn wò, èyí tí í ṣe ogún tí òbí ń fi sílẹ̀ nínú ara ọmọ. Wọ́n rí i pé ehín kì í ṣe àmì ìbátan tí ó dájú. Púpọ̀ nínú àwọn eléhín Éṣíà jẹ́ ìbátan Parasesarma tí kò léhín, ibẹ̀ ni a sì kó wọn sí. Àwọn mẹ́ta ti Áfíríkà kò bá wọn tan tímọ́tímọ́. Wọ́n gba ilé tiwọn, a sì sọ wọ́n ní Guinearma.

Ìyípadà yìí kì í ṣe ti orúkọ lásán. Nígbà tí a kà wọ́n mọ́ ará Éṣíà, ilé wọn dàbí ilé ńlá tí kò lè parun. Nísinsìnyí ó hàn pé etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan ni a ti lè rí wọn. Bí a bá gé igi ẹ̀gbà ibẹ̀ tán, kò sí ibòmíràn tí ìdílé náà yóò fi ṣe ilé.