Bí Fánbẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Bá Ń Han Lẹ́yìn Omíyalé

 

Bí a ti ń lọ láti ilé dé ilé, ìbéèrè kan ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń fi ọkọ̀ jẹun ń bi wá: "Ọkọ̀ mi ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń han gooro láàárọ̀. Kí ni kí n ṣe?" Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n Corolla àtijọ́ tí a fi ń kó ìrẹsì àti bẹ́ẹ̀dì kiri ní ọ́fíìsì wa ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Omi mù ún dé ìdajì táyà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í han. Mẹkáníìkì kan pààrọ̀ fánbẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ní alternator ló kù tí a máa rà. Nígbà tí ẹlòmíràn tú u wò, púlì kékeré kan ṣoṣo ni iyanrìn ti wọ inú bíárìn rẹ̀. Owó tí a ti ná kò kéré, owó oúnjẹ àwọn ẹlòmíràn ni. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí: kí ẹ mọ ohun tí ń dún kí ẹ tó fi owó ìrànwọ́ yín ra ohunkóhun.

Kí ẹ tó ṣáná sí i

Bí omi bá dé ibi ẹ́ńjìnnì, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ rárá. Ẹ fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá rí bíi tíì tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọkọ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́, ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún.

Iṣẹ́ tí fánbẹ́ẹ̀tì ń ṣe

Fánbẹ́ẹ̀tì ni rọ́bà gígùn tí ó yí iwájú ẹ́ńjìnnì ká. Ó ń gba orí àwọn irin roboto tí a ń pè ní púlì kọjá. Òun ló ń yí alternator tí ń fún bátìrì ní iná, àti compressor tí ń mú AC ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun náà ló ń yí pọ́ǹpù sítíárìn àti pọ́ǹpù tí ń gbé omi rédíétọ̀ káàkiri ẹ́ńjìnnì.

Omi àgbàrá kì í ṣe omi lásán. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn wà nínú rẹ̀. Iyanrìn a há sínú ilà fánbẹ́ẹ̀tì, púlì a dógùn-ún, gíríìsì inú bíárìn a sì ṣàn lọ. Ìdí nìyí tí ariwo fi lè má bẹ̀rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí omi ti fà.

Irú ariwo wo ni ẹ ń gbọ́?

1. *Ó ń han gooro.* Ó máa ń pọ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí ọkọ̀ láàárọ̀, tí ẹ bá tan AC, tàbí tí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin. Fánbẹ́ẹ̀tì ń yọ̀ lórí púlì nìyẹn: ó ti dẹ̀, ó ti jẹ, tàbí ọ́ìlì ti kàn án.

2. *Ó ń ké wínníwínní bí ọmọ adìyẹ.* Ìró rẹ̀ kúrú, ó sì ń tẹ̀ léra wọn. Ó lè jẹ́ pé púlì kan kò dúró déédéé pẹ̀lú àwọn yòókù, tàbí pé ẹrẹ̀ wà nínú ilà fánbẹ́ẹ̀tì.

3. *Ó ń dún bí ọlọ tí a ń lọ ata lórí rẹ̀.* Kò dáwọ́ dúró, ó sì ń ròkè bí ẹ bá ti ń tẹ iná mọ́ ọn. Bíárìn ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Fánbẹ́ẹ̀tì tuntun kò lè wo irú èyí sàn.

Ẹ wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ẹ ṣọ́ra fún fáànù rédíétọ̀, nítorí nínú ọkọ̀ mìíràn ó lè dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ti kú.

- Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí fánbẹ́ẹ̀tì. Ṣé ó ti sán, etí rẹ̀ ti ya, tàbí ó ń dán bíi dígí? Ẹ rántí pé fánbẹ́ẹ̀tì òde òní lè jẹ tán láìsán.
- Ẹ fi ìka kàn án. Bí ọ́ìlì tàbí omi rédíétọ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ wá ibi tí ó ti ń jò ná. Bí ẹ kò bá dí i, tuntun tí ẹ bá rà yóò bàjẹ́ bákan náà.
- Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí a ń fi bóòtù fa fánbẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín ibi tí ó gùn jù. Bí ó bá wọlé ju ìbú ìka kan lọ dáadáa, ó ti dẹ̀ jù. Kí mẹkáníìkì fà á, ṣùgbọ́n kí ó má fà á le jù, torí èyí ń ba bíárìn alternator àti ti pọ́ǹpù jẹ́.
- Ọkọ̀ mìíràn ní tensioner tí ń fa fánbẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Bí èyí bá rẹ̀, kò sí bóòtù tí a lè fà. Tensioner náà ni a ó pààrọ̀.

Bí mẹkáníìkì bá yọ fánbẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya àwòrán bí ó ṣe gba ara púlì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan lójú yín. Èyí tí ó bá ń ha, tí ó ń mì, tàbí tí ó há, òun ni ọ̀daràn. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni èyí gbà, òun ni ìbá sì gba owó wa sílẹ̀.

Ìdánwò omi díẹ̀

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì ṣe èyí, nítorí ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́. Kí ó dúró jìnnà díẹ̀, kí ó sì fi ike tí a fi ń fọ́n omi fọ́n díẹ̀ sí inú fánbẹ́ẹ̀tì, níbi tí ilà wà. Bí ariwo bá pọ̀ sí i, fánbẹ́ẹ̀tì ti dẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ fúngbà díẹ̀ tí ó tún padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá púlì kan ti wọ́. Bí kò bá yí padà rárá, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ bíárìn.

Ẹni tí ó wọ agbádá, ìborùn, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Fánbẹ́ẹ̀tì tí ń yí lè gé ìka.

Ẹ má ṣe èyí o

Ẹ má fi ọṣẹ, àbẹ́là, epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì pa fánbẹ́ẹ̀tì kí ó lè dákẹ́. Yóò dákẹ́ díẹ̀, rọ́bà yóò sì bàjẹ́. Bí a bá pa ariwo láìwo ohun tó fà á, ṣe ni a pa ẹnu ẹni tó ń kìlọ̀ fún wa mọ́.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀

Bí iná bátìrì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí abẹ́rẹ́ ìgbóná sì ń gòkè, ó ṣeé ṣe kí fánbẹ́ẹ̀tì ti já. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ sì pa ọkọ̀. Bí omi kò bá yí ká ẹ́ńjìnnì mọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi jóná. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ó bá gbóná.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ mú ògbólógbòó dání. Ìbáà jẹ́ Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Àrárọ̀mí ní Agodi Gate ni ẹ ń lọ, ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 6PK1200, ilà 6 ló ní, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 1,200 mìlímítà. Ẹ má ra fánbẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀, nítorí a kò mọ iye ọdún tí ó ti lò.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé ọ̀sẹ̀

1. Ariwo wo ni fánbẹ́ẹ̀tì tuntun kò lè wò sàn? Kí nìdí?
2. Kí ni ẹ ó ní kí mẹkáníìkì fi hàn yín kí ẹ tó sanwó alternator?
3. Ta ni ó wà ládùúgbò yín tí ọkọ̀ rẹ̀ ń han báyìí? Ẹ mú ìwé yìí lọ fún un.