Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Egungun Ilẹ̀ Montana àti Ẹ̀rí Ẹnu Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń dé etí wa láti ìgbà pípẹ́, tí ó sì tún gbérí li ọdún 2025. Li oṣù kìíní ọdún náà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Yunifásítì Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn rí ìṣẹ́kù collagen, èyí tí í ṣe ohun tí ń mú kí awọ àti egungun ẹranko lágbára, nínú egungun ìbàdí Edmontosaurus, ọ̀kan nínú àwọn ẹranko ńlá àtijọ́ tí a ń pè ní dáínósọ̀. Ìròyìn náà kò tíì tutù tí àwọn kan láàrin wa fi bẹ̀rẹ̀ sí fi í ránṣẹ́ láti orí fóònù kan dé orí òmíràn. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ Darwin ti parí, àti pé àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti jẹ́wọ́ pé ayé kò pẹ́ ju ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà lọ.

A kò kọ ẹ̀kọ́ yìí láti bá ẹnikẹ́ni jà. Àwa pẹ̀lú gbà pé Ọlọ́run li ó dá ohun gbogbo, èyí tí ojú rí àti èyí tí ojú kò rí, àti pé kò sí ẹ̀dá kan tí ó dá ara rẹ̀. Lórí ìpìlẹ̀ yìí li a dúró tí a fi ń bi ara wa léèrè bóyá òtítọ́ li a ń sọ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn egungun tí ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí ń jiyàn lé e lórí kò mọ ìtàn rẹ̀. Li ọdún 2000, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bob Harmon rí egungun dáínósọ̀ kan lára àpáta ní ìpínlẹ̀ Montana li orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, li agbègbè tí a ń pè ní Hell Creek. Irú èyí tí a ń pè ní Tyrannosaurus rex ni, ẹranko ajẹran tí ó gùn ju erin lọ. Ọ̀gbẹ́ni Jack Horner, ẹni tí ó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó wú u tán. Ibẹ̀ jìnnà sí ọ̀nà ọkọ̀, hẹlikọ́pítà ni wọn yóò sì fi gbé e. Ṣùgbọ́n ẹrù náà wúwo jù, wọ́n sì ní láti là á sí méjì. Nígbà tí wọ́n ń là á, egungun itan fọ́. Wọ́n kó àfọ́kù rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá kan tí í ṣe onímọ̀, Mary Schweitzer, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina. Ẹ kíyè sí i, ará, pé bí kì í bá ṣe pé ẹrù náà wúwo ni, bóyá ẹnikẹ́ni kì bá tí wo inú egungun yìí láéláé. Nítorí ẹni tí ó bá fi ọdún mẹ́ta wú egungun kì í fẹ́ fọ́ ọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí Schweitzer rí nínú itan náà ni irú egungun kan tí í máa wà nínú abo ẹyẹ nígbà tí ó bá fẹ́ yé. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń sin adìẹ mọ̀ pé bí agbébọ̀ kò bá rí oúnjẹ gidi jẹ, èèpo ẹyin rẹ̀ a rọ̀. Inú egungun pàtàkì yìí li agbébọ̀ ti ń yọ ohun líle tí yóò fi ṣe èèpo ẹyin, bí ó bá sì yé tán, egungun náà a lọ. Nítorí náà ó dá Schweitzer lójú pé abo li ẹranko náà, àti pé ìgbà yíyé li ikú bá a. Àwa kò mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò rò, ṣùgbọ́n nígbà tí a kà èyí, ẹnu yà wá ju bí ó ti yà wá nípa gbogbo ariwo tí ó tẹ̀lé e lọ.

Láti yẹ èyí wò dájú, òun àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Jennifer Wittmeyer, rẹ àfọ́kù egungun náà sínú omi oògùn tí í yọ ohun líle kúrò nínú egungun. Bí ó bá jẹ́ pé egungun náà ti di òkúta pátápátá, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn ti rò, kò yẹ kí ohunkóhun ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹ́kù. Ó rọ̀, ó ń fà bí rọ́bà, bí a bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, a padà sí bí ó ti wà. Wọ́n rí ohun tí ó jọ iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ya ẹ̀ka, àwọn nǹkan pupa kéékèèké sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe léraléra kí wọ́n tó gba ojú ara wọn gbọ́. Ìwé ìròyìn Science tẹ̀ ẹ́ jáde li oṣù kẹta ọdún 2005, ọjọ́ orí egungun náà sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 68 ọdún.

Bí ẹnìkan bá béèrè bí wọ́n ti mọ iye ọdún náà, kì í ṣe ara egungun ni wọ́n ti kà á. Láàrin àwọn ìpele àpáta agbègbè náà li eérú òkè oníná wà, ohun kan sì wà nínú eérú náà tí í máa yí padà díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n tí a mọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè ṣírò ìgbà tí ó ti bọ́ sílẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Ìwé pélébé kan bọ́ sí wa lọ́wọ́, tí ó sọ pé a rí ẹ̀jẹ̀ tútù nínú egungun dáínósọ̀. Àwa kò wádìí. A mú un lọ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí a ń kọ́ li ẹ̀kọ́ Bíbélì lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, a sì fi ìdùnnú kọ́ wọn pé nísinsin yìí a ti ṣẹ́gun. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí ó máa ń kọ gbogbo ohun tí a bá sọ sínú ìwé, wọ yunifásítì li ọdún tí ó tẹ̀lé e láti kọ́ nípa ẹ̀dá alààyè. Ó sọ ohun tí a kọ́ ọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìwé tí Schweitzer kọ pé kí ó kà á. Nígbà tí ó padà wá sílé, ó wá kí wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ti ka ìwé obìnrin náà rí?”

A kò kà á rí.

Nígbà náà li a tó kà á, ojú sì tì wá. Schweitzer kò sọ níbì kankan pé ẹ̀jẹ̀ tútù li òun rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé egungun náà jẹ́ ti àná. Èyí tí ó dùn wá jù lọ ni pé Kristẹni li obìnrin náà. Inú ilé onígbàgbọ́ li a ti tọ́ ọ. Nígbà tí ó kọ́kọ́ lọ jókòó nínú kíláàsì Horner ní Montana, ó gbà pé ayé kò pẹ́, ó sì lérò pé òun yóò fi àṣìṣe Horner hàn án. Ẹ̀rí tí ó rí li ó yí i lérò padà nípa ọjọ́ orí ayé. Kò yí i padà kúrò lẹ́yìn Olúwa rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ li gbangba pé ó dun òun bí àwọn ará òun nínú ìgbàgbọ́ ti ń yí iṣẹ́ òun po. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Darwin li a sọ òkò sí, arábìnrin wa li ó bà.

Ẹ wo bí obìnrin yìí ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìwé ti ọdún 2005, ó ti rí irú nǹkan pupa bẹ́ẹ̀ nínú egungun mìíràn, ó sì dàbí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ lójú rẹ̀. Horner kò sọ fún un pé kí ó lọ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní kí ó lọ wá gbogbo ọ̀nà tí yóò fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wu wá gbọ́, mélòó nínú wọn ni ìbá kù li ẹnu wa? Àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì dá a sí. Li ọdún 2008 àwọn kan kọ ọ́ pé ohun tí ó rí kì í ṣe ti ẹranko náà rárá, pé kòkòrò àìfojúrí li ó fi ọ̀rá ara wọn bo inú egungun. Ó dá wọn lóhùn, àríyànjiyàn náà sì ń lọ. Li ọdún 2013, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n mú iṣan ẹ̀jẹ̀ ògòǹgò, wọ́n rẹ apá kan sínú omi lásán, wọ́n sì rẹ apá kejì sínú ohun tí wọ́n yọ láti inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó kún fún irin. Ti inú omi bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Èkejì wà fún ọdún méjì láìbàjẹ́. Èrò wọn ni pé irin inú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí ó pa ẹran ara náà mọ́. A kò sọ pé èyí ti tú gbogbo ìdìpọ̀ náà. Ọdún méjì kì í ṣe mílíọ̀nù ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ròyìn ti ọdún 2005 tí kò sì ròyìn ti ọdún 2013, ó gbọ́ ẹjọ́ apá kan dá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa ń fi ojú kéré àwọn tí ó di ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà mú. James Ussher, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Armagh nínú Ìjọ wa ní ilẹ̀ Ireland, li ó ṣírò rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde li ọdún 1650, pé li ọdún 4004 ṣáájú ìbí Olúwa li a dá ayé. Ọ̀mọ̀wé ńlá ni, ó sì lo gbogbo ìwé ìtàn tí ó wà li ọjọ́ rẹ̀. Àwọn atẹ̀wé li ó wá fi í sí etí ojú ewé Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1701, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé Mósè li ó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì li àlùfáà mìíràn nínú Ìjọ wa, Frederick Temple, wàásù ní Oxford li ọdún 1860, ní àkókò kan náà tí Bíṣọ́ọ̀bù Wilberforce ń bá Huxley jiyàn níbẹ̀. Temple kò rí ìdí tí onígbàgbọ́ fi ní láti bẹ̀rù ìwádìí nípa ẹ̀dá. Li ọdún 1896 a fi í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury. Inú ilé kan náà li àwọn méjèèjì gbé, ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kan náà ni wọ́n sì ń kà, a kò sì kọ iye ọdún sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà pé ọjọ́ mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka ọjọ́ ni, kí ó dì í mú. Arákùnrin wa ni. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi ọwọ́ Mary Schweitzer sí ìwé tí Schweitzer kò kọ.

Àwọn tí ó wà ní òdì kejì pẹ̀lú ní ẹ̀bi tiwọn. Li ọdún 1912 Charles Dawson gbé egungun orí kan jáde láti Piltdown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ní ènìyàn tí kò tíì di ènìyàn tán ni. Ọdún 41 kọjá kí a tó fi hàn, li ọdún 1953, pé àgbọ̀n ọ̀bọ ńlá li a kì mọ́ agbárí ènìyàn, tí a rẹ́ eyín rẹ̀, tí a sì pa á láró kí ó lè dàbí ohun àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ náà li ọdún 2009, a fi ariwo, ìwé àti sinimá gbé ẹranko kékeré kan tí a ń pè ní Ida jáde ní New York bí ẹni pé òun ni ìyá ńlá gbogbo wa. Kí ọdún náà tó parí, àwọn onímọ̀ mìíràn ti kọ ọ́ pé ìdílé rẹ̀ kò súnmọ́ tiwa. A máa ń fẹ́ fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé kì í ṣe oníwàásù li ó tú àṣírí Piltdown. Oakley, Weiner àti Le Gros Clark ni, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, nípa títún egungun náà yẹ̀ wò. Bí onímọ̀ kan bá sì dìde tí ó ní nítorí pé egungun pẹ́ nínú ilẹ̀, kò sí Ọlọ́run, ẹ má ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Ó ti fi egungun sílẹ̀, ó ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀ tí egungun kò lè jẹ́rìí sí.

Li ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé ìbẹ̀wò ọmọ náà, a dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, a sì sọ fún wọn pé ohun tí a kọ́ wọn kì í ṣe òtítọ́, àti pé a kò wádìí kí a tó sọ ọ́. Kò rọrùn. Ẹnìkan béèrè bóyá àwọn ohun mìíràn tí a ti kọ́ wọn rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, a sì ní kí wọ́n máa béèrè. Ọmọ tí ó wá kí wa jókòó lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí a parí, ó dìde, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ ṣì gbà pé Ọlọ́run li ó dá ẹranko náà?” A ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, àti ẹyin tí ó fẹ́ yé.” Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà li a ti ń ka Gẹ́nẹ́sísì orí kìíní ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òun li ó sì ń mú ìwé àwọn onímọ̀ wá, tí ó ń ka ohun tí wọ́n kọ gan-an sí wa létí.