FULAMÍŃGÒ: ẸYẸ TÍ Ó FI OMI KÁN-ÚN ṢE ILÉ

  Ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kà yìí kì í ṣe èyí tí a ti pèsè sílẹ̀ fún oṣù yìí. Ìbéèrè ọmọ ilé-kéwú kan ni ó bí i.

Ní ọjọ́ náà, orúkọ àwọn ẹyẹ ní èdè Lárúbáwá ni a ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí a dé orí nuhám, èyíinì ni ẹyẹ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní fulamíńgò, a fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n lára kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan. Ẹyẹ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tí ó kun osùn, ọrùn gígùn, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀n ìgbálẹ̀. A ní, "Ẹ wo orúnkún rẹ̀, ẹ̀yìn ni ó ń ká sí, kò dà bí tiwa." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Àfáà, tí ibí yìí bá jẹ́ orúnkún, níbo ni ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wà?" A wo àwòrán náà títí, a kò rí èsì fọ̀. A ní kí ó fún wa ní ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí a wádìí rẹ̀ dé ìdí, a rí i pé àwa olùkọ́ ni a ṣìnà.

Ohun tí a pè ní orúnkún yẹn, ọrùn ẹsẹ̀ ni. Orúnkún gan-an wà lókè, ó fara pamọ́ sábẹ́ ìyẹ́ nítòsí ikùn, iwájú ni ó sì ń ká sí gẹ́gẹ́ bí tiwa. Ìka ẹsẹ̀ nìkan ni ẹyẹ náà fi ń tẹ ilẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó fi ń rìn bí ẹni tí ó ń yọ́ wọlé. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wo adìyẹ tí wọ́n bá pa nílé. Ibi tí ẹran parí sí, tí ẹsẹ̀ gbígbẹ tí a máa ń fún àwọn ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ adìyẹ nìyẹn. Orúnkún rẹ̀ wà lókè níbẹ̀, láàárín ègé ẹran méjèèjì tí à ń pè ní itan.

Nígbà tí a ti wà lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ kan tí gbogbo ayé fi mọ ẹyẹ yìí. Ọ̀pọ̀ rò pé wàhálà ni ó ń ṣe ara rẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ méjì ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, Young-Hui Chang àti Lena Ting, mú òkú fulamíńgò, wọ́n gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Òkú ni o, kò sí iṣan tí ó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó dúró. Nígbà tí wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ méjì, kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Egungun àti oríkèé rẹ̀ ti bá ara wọn mu tó bẹ́ẹ̀ tí ìwúwo ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ fi ń tì í pa. Ẹsẹ̀ kan yìí ni ìsinmi rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìlú Philadelphia tún ṣàkíyèsí pé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù àti nígbà tí ó bá wà nínú omi, kí ẹsẹ̀ tí ó ká sókè má baà pàdánù ooru.

Ẹ̀yà mẹ́fà ni fulamíńgò. Mẹ́rin wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Caribbean. Méjì ni ó wà ní Áfíríkà, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Ńlá náà lè ga tó mítà kan àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sábà wúwo ju kílò mẹ́rin lọ. Wọn kò jìnnà sí wa púpọ̀, nítorí wọ́n ń pamọ ní etí òkun Mauritania. Ṣùgbọ́n ibi tí èyí kékeré pọ̀ sí jù ni ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní àwọn adágún omi Kẹ́ńyà àti Tanzania, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń jẹun. Gbogbo yín ni ẹ ti rí ìyá tí ó ń sẹ́ ògì: yóò da ògì lílọ̀ sínú asẹ́, omi yóò gba ibẹ̀ kọjá, èèrí yóò kù sókè. Asẹ́ ni ẹnu fulamíńgò. Yóò tẹ ọrùn wálẹ̀, yóò dojú orí dé tó bẹ́ẹ̀ tí àgógó òkè yóò fi wà nísàlẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ tí ó sanra yóò máa lọ síwájú sẹ́yìn kíákíá bí ọ̀pá pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, yóò fa omi wọlé, yóò tì í jáde, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín tíntìntín bí ìyarun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgógó náà yóò dá oúnjẹ dúró. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ìyá ológì ni pé èyí tí ó kù sínú asẹ́ ni òun ń jẹ, omi ni ó ń dà nù. Ní ọdún 2025, Victor Ortega-Jiménez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé kò kàn ń dúró de oúnjẹ. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrọ̀fọ̀ kí nǹkan lè rú sókè, ó sì ń fa orí sókè lójijì kí omi lè yí po bí ìjì kékeré, kí àwọn kòkòrò inú omi má lè sá lọ.

Àwọ̀ rẹ̀ náà, inú oúnjẹ yìí ni ó ti ń wá. Kò sí ọmọ fulamíńgò tí a bí ní pupa. Eléérú ni wọ́n. Àwọn ewéko wẹ́wẹ́ inú omi ni ó ní ohun pupa náà nínú, irú èyí tí ó wà nínú kárọ́ọ̀tì àti epo pupa wa. Fulamíńgò ńlá ń jẹ edé kéékèèké tí ó ti jẹ ewéko náà. Èyí kékeré ń jẹ ewéko fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní spirulina. Láyé àtijọ́, àwọn olùtọ́jú ọgbà ẹranko a máa rí i pé ẹyẹ wọn ń ṣá, ó ń di funfun, títí wọ́n fi mọ̀ pé oúnjẹ ni kò pé. Wọ́n ń pa á pọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn nísinsìnyí. Àwọn fulamíńgò ńlá tilẹ̀ máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn mú òróró aláwọ̀ láti ibi ìdí ìrù, wọn a fi kun ìyẹ́ ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń wá ọkọ àti aya. Osùn tí a fi ṣe àpèjúwe wọn lókè kì í ṣe àwàdà lásán nígbà náà.

Níbo wá ni spirulina yìí ti ń hù? Inú omi kán-ún ni. Kán-ún tí a ń fi sínú ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀, irú rẹ̀ gan-an ni ó kún inú adágún Natron ní Tanzania àti Magadi ní Kẹ́ńyà. Orúkọ wọn pàápàá ń sọ bẹ́ẹ̀: láti inú natrún ti èdè Lárúbáwá ni natron ti wá, magadi sì ni kán-ún lédè Swahili. Omi náà ta bí omi eérú tí a fi ń po ọṣẹ dúdú, ó sì gbóná. Ní ọdún 1954, Leslie Brown, òyìnbó tí ó ti ṣiṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ní Nàìjíríà níhìn-ín kí ó tó lọ sí Kẹ́ńyà, fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí àwọn fulamíńgò ń yé sí láàárín Natron. Ẹrọ̀fọ̀ kán-ún wọ inú bàtà rẹ̀, ó bó o lẹ́sẹ̀, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ní ọsibítù. Nínú ẹrọ̀fọ̀ kan náà ni fulamíńgò ń rìn láti àárọ̀ di alẹ́. Awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ẹ̀yà ara kan sì wà ní orí rẹ̀ tí ó ń fa iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde gba ihò imú. Ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀ kò ṣòroó rí: ìkookò kì í lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìtẹ́ bí òkìtì kékeré, kí omi má baà kàn án. Ẹyin kan ṣoṣo ni, tọkọtaya a sì máa sàba lé e ní àsàyípo fún bí oṣù kan. Nígbà tí ọmọ bá jáde, wàrà ni wọ́n ń fún un mu. Ẹ má rò pé a ṣì í kọ. Láti inú ọ̀nà ọ̀fun wọn ni wàrà náà ti ń sun, baba ń ṣe é, ìyá ń ṣe é. Ẹyẹlé náà ń ṣe irú rẹ̀. Pupa ni ti fulamíńgò, ó sì máa ń dà bí ẹ̀jẹ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀. Pupa ara òbí ni ó ń bá a lọ: bí ọmọ ti ń dàgbà ni baba àti ìyá ń ṣá, títí ọmọ yóò fi lè jẹun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ àwọn ọmọ a kúrò nínú ìtẹ́, wọn a kó ara wọn jọ ní agbo ńlá, àgbà díẹ̀ a máa ṣọ́ wọn. Síbẹ̀, ohùn ọmọ ni òbí fi ń mọ tirẹ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1962 ni kò kúrò lọ́kàn wa láti ìgbà tí a ti kà á. Omi òjò kún bo ibi tí wọ́n ń yé sí ní Natron, wọ́n sì kó lọ sí Magadi. Ẹyin pa. Ṣùgbọ́n kán-ún Magadi nípọn ju bí ó ti yẹ lọ: bí àwọn ọmọ ti ń rìn nínú rẹ̀, ó ń dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ bí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ó ń wúwo sí i lójoojúmọ́ títí wọn kò fi lè gbẹ́sẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ kú. Àwọn ènìyàn wọ inú omi náà lọ, wọ́n ń gbé ọmọ ẹyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi òòlù kékeré fọ́ kán-ún náà kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì da àwọn tí kò tí ì kó sínú rẹ̀ lọ síbi tí omi ti dára díẹ̀.

Natron nìkan ni ibi tí fulamíńgò kékeré ti ń pamọ déédéé ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Nígbà kan wọ́n fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa wa kán-ún níbẹ̀. Ariwo pọ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe é sì yọwọ́ ní ọdún 2008. Ìṣòro mìíràn tún dé báyìí. Àwọn adágún Kẹ́ńyà bíi Nakuru àti Bogoria, tí àwọn àgbà ẹyẹ ti ń jẹun, ń kún sí i láti ọdún bíi mélòó kan nítorí ọ̀pọ̀ òjò, ìwádìí tí ó jáde ní 2024 sì fi hàn pé spirulina ń dín kù nínú wọn.

A ka gbogbo èyí fún àwọn ọmọ nígbà tí a padà sí kíláàsì, a sì kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lórí ọ̀rọ̀ orúnkún. Ọmọbìnrin wa tún nawọ́. "Àfáà, ṣé omi òjò kò dára ju omi kán-ún lọ ni?" A ní ó dára fún mímu, àwọn ẹyẹ náà pàápàá máa ń lọ mu omi dídùn níbi ìsun. Ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn kì í hù dáadáa nínú rẹ̀, asẹ́ ẹnu wọn kò sì wúlò fún ẹja. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Wọn yóò ní omi, wọn kò ní ní oúnjẹ." A ní bẹ́ẹ̀ ni.