Títún Ilé Kọ́ fún Àwọn Tí Ogun Lé Kúrò Nílé: Ẹ̀kọ́ láti Inú Ìtàn Abẹ́òkúta

Kíkà: Nehemiah 2 títí dé 5, àti orí 7, 2 Korinti 8.

Nígbàkúùgbà tí a bá gbé àwo ọrẹ káàkiri nínú ìjọ fún àwọn tí ogun lé kúrò ní ilé wọn, ìbéèrè kan a máa dìde ní ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọn kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́ jáde. Owó yìí yóò ha mú kí àwọn ènìyàn wọ̀nyí padà dé ilé baba wọn, tàbí yóò kàn máa bọ́ wọn ní ilẹ̀ àjèjì títí wọn yóò fi gbàgbé ọ̀nà ilé? Àwa kò ka ìbéèrè yìí sí ìbéèrè ahun. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, a sì fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì gbé e yẹ̀ wò li oṣù yìí, pẹ̀lú ìwé Nehemiah ní ọwọ́ kan, àti ìtàn ìlú wa ní ọwọ́ kejì.

Ohun tí ó mú wa ronú kan ọ̀ràn náà ni ìròhìn àwọn Kristian ará Assiria. Wọn kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti ka ìwé Jona, nítorí pé ìtòsí Ninefe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Iraki. Ìjọ Anglikan mọ̀ wọ́n tipẹ́. Li ọdún 1886 ni Benson, Àrkíbíṣọ́ọ̀bù ti Kantabúrì, rán àwọn àlùfáà sí wọn láti máa kọ́ àwọn ọmọ wọn àti àwọn àlùfáà wọn, láìfẹ́ yí wọn kúrò nínú ìjọ baba wọn. Ogun lé wọn kúrò lórí òkè wọn li ọdún 1915. A pa púpọ̀ nínú wọn ní Simele li ọdún 1933. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 àwọn jàgídíjàgan kan gba àwọn ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ninefe, àwọn Kristian ibẹ̀ sì sá ní òru. Nígbà tí a lé ọ̀tá náà jáde, ilé jíjó àti ilé ìsìn tí a ti bà jẹ́ ni àwọn tí ó padà bá. Li ọdún 2017 àwọn ìjọ mẹ́ta tí ọ̀nà ìsìn wọn yàtọ̀ sí ara wọn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, wọ́n ka ilé tí ó bàjẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tún wọn kọ́ bí owó ti ń wọlé. Àwọn kan padà. Àwọn mìíràn ti bímọ sí òkè òkun, wọn kò sì ní padà mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń wá lọ sí Ninefe? Ìsáǹsá ni àwa náà. Kí ọdún 1830 tó dé, inú igbó Ẹ̀gbá ni àwọn baba wa ń gbé, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú, tí olúkúlùkù ní olórí tirẹ̀. Lẹ́yìn ogun Òwu ni àwọn ọmọ ogun tí ó parapọ̀ yí sí wọn, wọ́n sì fọ́ ìlú wọn ní ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. A kó àwọn kan lọ sí etí òkun láti tà. Àwọn mìíràn ń gbé ní Ìbàdàn láàrin àwọn tí ó ti fọ́ ìlú wọn, títí Ṣódẹkẹ́ fi kó wọn jáde wá sí abẹ́ Olúmọ. Ẹ kíyèsí ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n dé. Wọn kò da ara wọn pọ̀ bí ẹni da èlùbọ́ sínú àpò kan. Àwọn ará Aké dó sí ibi kan, wọ́n sì pè é ní Aké. Àwọn ará Ìgbẹ̀ìn ṣe bẹ́ẹ̀, àti Ìtòkú, àti Ìkijà, àti Ìtokò. Ìlú tí ó ti di ahoro nínú igbó tún ní orúkọ lórí ilẹ̀. Nígbà tí àwọn Òwu dé ní nǹkan bí ọdún 1834, a fún àwọn náà ní àyè, Òwu ni wọ́n sì ń jẹ́ títí di òní olónìí. Ó pé ọdún mẹ́rìnlélógún kí a tó tún ní Aláké, nígbà tí a fi Okukẹnù jẹ ọba li ọdún 1854. Àwọn baba wa kò kánjú ìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ wá orúkọ, omi àti oko.

Bí a bá ka Nehemiah orí 7, ó lè sú ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí pé orúkọ àti iye ènìyàn ni ó kún inú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi a máa fò ó. Ọmọ Ẹ̀gbá ni kò yẹ kí ó fò ó! Ìlú-ìlú ni a ka àwọn tí ó ti ìgbèkùn dé, a kò sì kà wọ́n bí agbo àgùntàn. Ní orí 3 pẹ̀lú, iwájú ilé tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ odi. Nehemiah gba ìwé àṣẹ àti igi lọ́wọ́ ọba Persia, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọba Persia wá pín iṣẹ́ fún àwọn ará Jerusalemu.

Àwọn tí a ti tà sí òkun ńkọ́? Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn kan nínú wọn lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, a sì sọ wọ́n kalẹ̀ ní Sàró. Ilẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà, ọjà wà. Bẹ́ẹ̀ ni àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní nǹkan bí ọdún 1839 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí padà bọ̀, kì í sì í ṣe ìjọba ni ó kó wọn. Àwọn oníṣòwò láàrin wọn ra ọkọ̀ òkun tí a ti gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n fi òwò kó àwọn ènìyàn wọn wálé. A ja àwọn tí ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Èkó lólè, nítorí náà ni wọ́n ṣe gba Àgbádárìgì wọlé. Ṣódẹkẹ́ tẹ́wọ́ gbà wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dé tán ni àwọn míṣọ́nnárì tẹ̀lé wọn: Freeman ti ìjọ Mẹ́tódíìsì li oṣù Kejìlá ọdún 1842, Townsend ti ìjọ wa li oṣù Kínní ọdún 1843. Andrew Désàlù Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti Sàró wá, wà pẹ̀lú Townsend. Ìrànlọ́wọ́ ni ó tẹ̀lé àwọn onílé. Àwọn onílé kò jókòó dè é.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn Crowther, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí a tún wò ó ní ọ̀nà yìí. Li ọdún 1821 ni a kó o ní Òṣoògùn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni òun àti Townsend wọ Abẹ́òkúta láti jókòó. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà ni ìyá rẹ̀ Àfàlà rí i. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì pe orúkọ rẹ̀ ní Hannah. Ta ni lè fi owó ọrẹ ra irú ọjọ́ náà? Bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá sí ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ láti Àgbádárìgì wá, kì bá tí sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Oríṣìíríṣìí ẹ̀bùn ni ó wá lẹ́yìn èyí. Li ọdún 1849 ni Ọbabìnrin Victoria fi Bíbélì ránṣẹ́ sí Ṣàgbùà àti àwọn olóyè, ọkọ rẹ̀ sì fi ẹ̀rọ irin tí a fi ń lọ àgbàdo ránṣẹ́. Ó wù wá láti mọ ohun tí àwọn ìyá wa sọ níwájú ọlọ wọn nígbà tí wọ́n rí i. Ìrànlọ́wọ́ tí ó ní ẹsẹ̀, ní tiwa, ni ti òwú. Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S., àti Clegg, oníṣòwò ní Manchester, kò fi aṣọ ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń yọ kóró òwú ránṣẹ́, wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa, irú Henry Robbin, ní iṣẹ́ náà ní Manchester. Àwọn tiwa ni ó padà wá ṣe olórí iṣẹ́ náà níhìn-ín. Àgbẹ̀ tí ó mú òwú wá, owó ni ó gbà lọ, kò sì dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ ọrẹ.

Ìtàn náà kò dán ní gbogbo ara, kò sì yẹ kí a fi kíkùn bò ó. Nígbà ogun Ìjàyè, láti ọdún 1860 títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 1862 tí ìlú náà fi ṣubú, àwọn Ẹ̀gbá ni ó lọ gbèjà Kúrunmí. Ìyàn mú nínú ìlú. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé Ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ li ọdún 1921, pé àwọn ọmọ Ìjàyè bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará wa tí ó lọ ràn wọ́n lọ́wọ́, a sì kó wọn wá sí Abẹ́òkúta bí ẹrú. Ẹ ka Nehemiah orí 5 pẹ̀lú èyí ní ọkàn yín. Àwọn ènìyàn ń mọ odi Ọlọ́run, síbẹ̀ wọ́n ń fi oko àti ọmọ dógò kí wọ́n tó rí ọkà jẹ, àwọn arákùnrin wọn sì ni ó ń gbà wọ́n ní ìwọ̀fà. Nehemiah pè wọ́n jọ, ó mú kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà. Òun fúnra rẹ̀ kò sì jẹ oúnjẹ tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ gómìnà. Àwọn kan wà tí ó ṣe dáradára ní Ìjàyè: Mann ti ìjọ wa àti aya rẹ̀, àti Stone àti Phillips ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, gba àwọn ọmọ tí ebi ń pa sínú ilé wọn, àwọn Onítẹ̀bọmi sì kó àwọn ọmọ náà wá sí Abẹ́òkúta, wọ́n tọ́ wọn. Àdúgbò Ìjàyè wà láàrin ìlú wa títí di òní. A fún àwọn tí ó sá wá ní ilẹ̀, a sì fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún Òwu. Rere àti búburú, ọwọ́ kan náà ni ó ṣe é.

Ó ku Ìfọ́lé. Ìjọba Èkó àti àwọn olórí Ẹ̀gbá ń jà nítorí ààlà, ọ̀nà òwò àti owó ibodè, ìbínú náà sì yí sórí àwọn Kristian. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni a kó àwọn ilé ìsìn, a sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó ń tẹ Ìwé Ìròhìn jẹ́. A lé àwọn òyìnbó jáde. Ọ̀pọ̀ Kristian Ẹ̀gbá tẹ̀lé wọn, Gómìnà Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Ebute Mẹ́tà. Ìsáǹsá tí a bí fún ìsáǹsá! Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé sí, tí wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ìdílé Ẹ̀gbá kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. A kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí a ti fọ́ ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ìran méjì lè wò ó pé ibi tí òun bá ti sùn mọ́jú ni ilé.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù ní Aké ni ó ṣe ìyanu jù lójú wa. Títí di ọdún 1880 kò sí míṣọ́nnárì òyìnbó tí ó ń gbé ìlú yìí. Owó láti òkè òkun dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ kò kú: àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni ó ń wàásù, tí ó ń kọ́ ọmọ, tí ó ń sìnkú. Nígbà tí James Johnson dé li ọdún 1877 láti ṣe alábòójútó, ìjọ ni ó bá, kì í ṣe ahoro. Ó béèrè owó ìjọ tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí àwọn ènìyàn lè máa bọ́ àwọn òjíṣẹ́ tiwọn. Wọ́n kùn sí i gidigidi, ó sì tún bá wọn jà nítorí ẹrú níní, títí a fi mú un kúrò. Àwa rò pé ó le jù ní ọ̀nà tí ó gbà ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ti ohun tí ó ń wá, òtítọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀: ìjọ tí ó bọ́ ara rẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè tì í pa nípa dídá owó dúró.

Nígbà tí ẹ bá ń jíròrò, ẹ fi àwọn ará wa ti Mubi àti Michika ní Àríwá sọ́kàn, tí a lé kúrò ní ilé li ọdún 2014. Ẹ béèrè bí ọrẹ tí a bá fi ránṣẹ́ ti lè dàbí ẹ̀rọ òwú, kí ó má dàbí ti ọlọ́kà tí ó ń gba ọmọ dógò. Ẹ ka 2 Korinti 8 láti ẹsẹ 18 sí 21: Paulu kò fẹ́ dá nìkan gbé owó àwọn ìjọ lọ, ó mú àwọn tí ìjọ yàn dání kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ọ̀rọ̀ sọ. Ta ni ó ń gbé owó tiwa, ta ni ó sì ń padà wá jẹ́ fún wa bí a ti ná an?

Kí olúkúlùkù sì tọ àgbà ilé rẹ̀ lọ kí ó tó wá sí ìpàdé, kí ó béèrè orúkọ ìlú tí àwọn baba rẹ̀ ti wá sí abẹ́ Olúmọ, àti ẹni tí ó kọ́kọ́ fún wọn ní ilẹ̀. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó mú un dání wá.