Ọmọ Tí Wọ́n Bí Síta, Ṣé Ó Lẹ́tọ̀ọ́ sí Ogún?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, bí bàbá bá kú, ìjà ogún kì í pẹ́ dé. Wọ́n á ní, "Ìyẹn kì í ṣe ọmọ ilé." Kí lòfin wí?

1. Nínú àṣà Yorùbá, tí bàbá bá ti gbà pé òun ló lọmọ, ó parí. Ní 1955, nínú ẹjọ́ Alake àti Pratt láti Èkó, ilé ẹjọ́ gba àṣà yìí: àwọn ọmọ ìta bá àwọn ọmọ ìyàwó pín ogún.

2. Ní 1960, ẹjọ́ Cole àti Akinyele yí i padà. Ọmọ tí wọ́n bí síta nígbà tí ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ṣì wà kò rí nǹkan gbà.

3. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1979 tún un ṣe. Ti 1999, abala 42(2), ṣì wí bẹ́ẹ̀: a ò gbọdọ̀ torí bí wọ́n ṣe bí èèyàn fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ṣì ṣe pàtàkì. Òfin ní kí wọ́n forúkọ ọmọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 60. Bí àríyànjiyàn bá wà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 gba ilé ẹjọ́ láàyè láti ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Nítorí náà, ní Osi o, ní Iloffa o, ẹ má pe ọmọ kíláàsì yín ní ọmọ àlè mọ́. Ẹ délé, kí ẹ bi ìyá yín: "Ìwé ìbí mi dà? Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?"