Iyanrìn inú bídọ̀n

Ọmọ mi,

Nínú gbogbo ohun tí o kọ, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mi ò lè gbàgbé. O ní iyanrìn lo rọ kún bídọ̀n lítà 25 tí o ń yọ́ gbé lálẹ́ kí ara rẹ lè le, torí bó bá jẹ́ omi ni, ilẹ̀ ò ní mọ́ tí wọ́n á ti fi dáná. Nínú ilé tí o ti ń ponmi fún gbogbo ènìyàn, ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè sè, tí ẹnikẹ́ni ò lè fi wẹ̀, ni o wá pamọ́ sẹ́yìn àpò gààrí fún ara rẹ. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Jẹ́ ká tiẹ̀ kọ́kọ́ wọn iyanrìn náà ná. O ń bi mí pé kí ló dé tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta tí bídọ̀n yẹn ò kọjá orúnkún rẹ, nígbà tó jẹ́ pé o ń ru irú rẹ̀ láti ìdí pọ́ǹpù lójoojúmọ́. Lítà omi kan, kìlò kan ni. Iyanrìn ò rí bẹ́ẹ̀: lítà kan rẹ̀ á tó kìlò kan àbọ̀, ó tún lè lé díẹ̀. Ohun tí o ń bá jìjàkadì nínú òkùnkùn súnmọ́ kìlò 40! Àwọn ọkùnrin tó ń kó àpò kajú sọ́kọ̀ gan-an á tutọ́ sọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé e. Kò sóhun tó ṣe egungun rẹ. Dà á nù.

Omi ni kí o padà sí. Lítà 10 tó láti bẹ̀rẹ̀. Gbé bídọ̀n náà sórí bíríkì méjì kó má bàa jìnnà sọ́wọ́, kó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ. Ti ìdí sẹ́yìn, bí ìgbà tí ọwọ́ rẹ kún tí o fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn. Kí ẹ̀yìn rẹ tẹ́ pẹrẹsẹ, má ká a bí ẹni ń gbálẹ̀. Wá di bídọ̀n náà mú, fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí o gbé e dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀mejìlá, sinmi bí ìṣẹ́jú méjì, tún un ṣe títí yóò fi pé ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, jókòó sórí àpótí, gbá ike omi mọ́yà, dìde láìfọwọ́ ti nǹkan. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má dín sí náà nìyẹn, kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín wọn, torí ìgbà tí o bá ń sinmi ni iṣan ń tún ara rẹ̀ kọ́. Bí o bá lóyún tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru, kọ́kọ́ bá agbẹ̀bí tàbí dókítà sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀mejìlá bá ti wá rọrùn nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bu lítà kan kún un.

Lítà kan yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. O ní o ti ń gúnyán láti kékeré, kí ló dé tí apá rẹ ò yọ? Ọmọ odó kì í dàgbà, ọmọ mi. Bó ṣe wúwo nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún 12 náà ló ṣe wúwo lónìí, ara rẹ sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Má sì máa wo dígí. Aránṣọ kan ní Parakou bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Ní gbogbo Sátidé, téèpù tó fi ń wọn oníbàárà ló fi ń wọn apá ara rẹ̀, á kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé. Sátidé méje, nọ́ńbà kan náà. Ó bínú, ó wá bá mi pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo bi í pé ta ló ń gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde láàárọ̀. Ó ní òun ni. Mo ní, ọmọ àdúgbò tó máa ń bá ọ gbé e ńkọ́? Ó dákẹ́. Kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó pè é kẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọpọlọ ló ń kọ́ bó ṣe máa pe iṣan tó ti wà nílẹ̀ síṣẹ́. Agbára á ti dé kí téèpù tó rí i.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ tó ní obìnrin tó bá ń gbé nǹkan wúwo á dọkùnrin: ta ló ń pọn omi tó fi ń wẹ̀? Bí ẹrù bá wà lórí rẹ nítorí tirẹ̀, obìnrin ni ọ́. Ìgbà tí o gbé e nítorí ara rẹ lo dọkùnrin. Mo lè fi owó ta tẹ́tẹ́ pé òun náà ti ya fọ́tò lábẹ́ ère Amazone ní Kútọnu, ère oní-mítà 30 tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022, tó ń yin apá àwọn obìnrin jagunjagun ibẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, níbi Ìdíje Commonwealth ní Birmingham, Rafiatu Folashade Lawal ọmọ Nàìjíríà gbé kìlò 116 sókè orí, ó sì gba góòlù láàárín àwọn obìnrin tí kò gbọdọ̀ wúwo ju kìlò 59 lọ. Obìnrin ṣì ni. Èròjà testosterone tó ń mú iṣan ọkùnrin wú, tiwọn ju tiwa lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀. Kò sí bídọ̀n tó lè bu tiwọn sí ọ lára. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ yìí náà kọ́ ló ń jẹ wàgásì, wàrà Fúlàní, tó yẹ kó kàn ọ́? O ní ọbẹ̀ nìkan ló máa ń kù. Ẹni tó ń kọ́ iṣan ń wá bíi gíráàmù 1.6 purotíìnì fún kìlò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Bí o bá wọn kìlò 60, ó ti di 96 nìyẹn, ẹyin kan ò sì ju bíi mẹ́fà lọ. Ọbẹ̀ lásán ò lè gbé e. Wàgásì pupa tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri yẹn, yọ tìrẹ sọ́tọ̀ kí o tó bu ti ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí kò bá sí, wàrà sójà àti ẹ̀wà wà.

Má sì bá wọn jà nítorí omi. Bu ọṣẹ dúdú díẹ̀ sínú bídọ̀n náà, kó máa hó. Kò sẹ́ni tó máa fi sebẹ̀.

Àmọ́ o tún kọ ọ́, níkangun ìwé, pé ìyá ọkọ rẹ, àwọn gan-an tó máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí omi, kì í lè dìde lórí àpótí mọ́ láìdi ògiri mú. Tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, egungun obìnrin a máa fẹ́lẹ́, iṣan rẹ̀ a máa dín kù, iṣẹ́ tí o ń fi pamọ́ yìí gan-an ló sì ń dì í mú. Gbé àpótí tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí iná ṣì wà lójú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Jẹ́ kí wọ́n di ejìká rẹ mú.